Ìléru: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kò ti ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n kan wá. Ẹnu ọmọ kékeré ni a ti gbọ́ ọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ka Ìwé Dáníẹ́lì nínú ilé, tí a sì dé ibi tí Nebukadinésárì gbé ju àwọn ọmọkùnrin Júù mẹ́ta sínú iná ìléru tí ń jó, ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́sàn-án, na ọwọ́ sókè ó sì wí pé, “Bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìléru?” Àwa dáhùn kíákíá pé iná ńlá ni. Ọmọ náà ní, “Bí ti ààrò ìyá àgbà ni?” A ní ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, “Ṣé bí èyí tí wọ́n fi ń sun igbó ni?” Nígbà náà ni ojú tì wá díẹ̀, nítorí a rí i pé ọ̀rọ̀ tí a ti ń kà láti kékeré, tí a sì ń gbọ́ lórí àga ìwàásù láti ọdún dé ọdún, a kò lè là á yé ọmọdé. A bi àwọn àgbà mẹ́rin tí ó wà níjókòó. Èkíní ní iná ọ̀run àpáàdì ni. Èkejì ní ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì ni. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Ẹ̀kẹrin, ìyá arúgbó kan tí a bí ní agbègbè Èjìgbò, ni ó sọ èyí tí ó jọ òtítọ́: ó ní ibi tí a ti ń wa irin láyé àtijọ́ ni, pé bàbá bàbá òun a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò fi ojú òun rí i rí.

Ìyá náà ni ó jàre. Èdè wa kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ iná. Ààrò ni ti ìdáná, ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ ń jókòó lé. Ẹbu ni ibi iṣẹ́ tí a ti ń se epo, tàbí tí a ti ń sun bíríkì. Àgbẹ̀dẹ ni ti alágbẹ̀dẹ, níbi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ iná, tí ọmọ owú sì ń sọ̀ lé irin lórí owú. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò lè lu ohun tí kò sí. Ẹnìkan ni yóò gbé irin wá fún un. Ibi tí a ti ń fi iná yọ irin náà kúrò nínú òkúta ni àwọn baba wa ń pè ní ìléru, orúkọ yìí náà sì ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lò fún iná Bábílónì. Ìléru tòótọ́ ti parẹ́ ní ilẹ̀ wa, orúkọ rẹ̀ sì kù sínú Bíbélì, bí orúkọ ènìyàn tí ó ti kú ti ń kù lára ògiri ilé rẹ̀.

Báwo ni ìléru yìí ti rí? A ní ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Èkó nínú ẹ̀ka tí ń ṣe ọ̀nà àti afárá, kọ ìròhìn kan tí a tẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní ìlú Òyìnbó, lórí abúlé kan ní ìhà Ọ̀yọ́ tí a ń pè ní Ọlá-Ìgbì. Ó rí ohun tí ó yà á lẹ́nu níbẹ̀: ó bá abúlé odindi kan tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìléru nìkan ni gbogbo wọn fi ń jẹun.

Òkúta irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń wà nínú ilẹ̀. Wọn a fi iná sun ún kí ó lè rọ̀, wọn a gún un nínú odó igi bí ẹni ń gún èlùbọ́, àwọn obìnrin a sì gbé e lọ sí ibi omi láti fọ̀ ọ́, kí èyí tí ó fúyẹ́ bá omi lọ, kí èyí tí ó wúwo sì kù sínú igbá. Àwọn kan a máa wí pé obìnrin kì í sún mọ́ iṣẹ́ Ògún rárá. Bóyá wọn kò tí ì gbọ́ nípa igbá yìí. Nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń fọ̀, àwọn mìíràn wà nínú igbó tí wọ́n ń gé igi líle, tí wọ́n sì ń sun ún di èédú, nítorí igi lásán kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ìléru fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Amọ̀ ni a fi mọ ọ́, ó rí rìbìtì, ó ní ihò lókè tí a ń gbà da èédú àti òkúta sínú rẹ̀. Ní ìdí rẹ̀ yí ká ni a ki àwọn ọ̀pá amọ̀ oníhò sí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn sì ń gbà wọlé. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ẹwìrì ni a fi ń fẹ́ iná ìléru, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a sì máa gba ipò lọ́wọ́ ara wọn nídìí rẹ̀ títí apá wọn yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ní Ọlá-Ìgbì, iná náà ni ó ń fa atẹ́gùn mọ́ra fúnra rẹ̀. Bí èyí tí ó gbóná ti ń gba òkè jáde, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá ti rí bí iná fìtílà ti ń tàn gedegbe nígbà tí a bá dé gíláàsì rẹ̀ lé e ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìléru, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná ni ó yọ́ òkúta títí irin fi ṣàn jáde bí epo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ń hó nígbà tí ooru bá dé ìwọ̀n 100 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Irin kò ní yọ́ títí yóò fi dé 1,538. Ìléru amọ̀ kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń mú irin jáde síbẹ̀síbẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé irin inú òkúta kò dá wà. Ó so mọ́ ọ́síjìn, tí í ṣe apá kan nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Àdá tí òjò pa títí tí ó fi dógùn-ún pẹ̀lú ti so mọ́ ọ́síjìn bẹ́ẹ̀, ó ń padà di òkúta tí ó ti jẹ́ rí ni. Nígbà tí èédú bá ń jó níbi tí atẹ́gùn kò tó o, èéfín kan tí ojú kò rí ń jáde lára rẹ̀, ebi ọ́síjìn sì ń pa èéfín náà. Yóò já ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ irin, yóò sì gbé e gba òkè lọ. Èéfín yìí kan náà ni ó ń pa àwọn tí ó gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn nígbà ọyẹ́, tí a ó sì máa wí lówúrọ̀ pé ayé ni ó ṣe wọ́n. Bí ó bá ti gba ọ́síjìn tán, irin nìkan ni ó kù. Kò yọ́, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ di ìṣù kan nínú iná. Iyanrìn àti ìdọ̀tí òkúta ni ó ń yọ́ ní tirẹ̀, tí ó sì ń ṣàn jáde nísàlẹ̀. Òun ni à ń pè ní ìdàrọ́.

Yíyọ irin, nígbà náà, ni iṣẹ́ ìléru àwọn baba wa, kì í ṣe yíyọ́ irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́kàn, nítorí àmì kékeré kan ni ó wà láàárín wọn, a ó sì tún bá wọn pàdé níwájú.

Wákàtí 36 ni Bellamy kọ pé iná náà ń jó, èyíinì ni ọ̀sán méjì àti òru kan tàbí òru méjì àti ọ̀sán kan. Láàárín àkókò yìí, ẹnìkan kò lè wí pé oorun ń kun òun kí gbogbo wọn lọ sùn. A gbọ́dọ̀ máa da èédú sí i, a gbọ́dọ̀ máa da òkúta sí i, a gbọ́dọ̀ máa ṣí ihò ìsàlẹ̀ kí ìdàrọ́ lè jáde, kí ó má baà dì mọ́ inú rẹ̀. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì ní òru, ìṣù náà yóò dákú sínú ìdọ̀tí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ yóò sì ṣòfò: ti awa-òkúta, ti aṣun-èédú, ti obìnrin tí ó fọ̀ ọ́. Nígbà tí àkókò bá pé, wọn a fọ́ ẹnu ọ̀nà ìléru, wọn a sì fi ìtàkùn tútù fa ìṣù irin náà jáde bí ó ti ń pọ́n yòò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ awa-irin parí sí, tí ti alágbẹ̀dẹ sì bẹ̀rẹ̀: ọkọ́, àdá, àáké, ọfà, ọ̀bẹ, abẹ́ onígbàjámọ̀. Ẹ wo igbó Yorùbá láìsí àdá. Ẹ wo ebè iṣu láìsí ọkọ́. Àwọn ìlú ńláńlá tí a fi ń yangàn, inú ìléru ni oúnjẹ wọn ti kọ́kọ́ jáde.

Iṣẹ́ yìí kì í sì ṣe ti àná. Ní Taruga, tí kò jìnnà sí Àbújá ìsinsìnyí, Bernard Fagg wú ìdí àwọn ìléru jáde nínú ilẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sì ṣe fi hàn pé wọ́n ti lé ní 2,300 ọdún. Ní tiwa níhìn-ín, David Adéníjì kọ ìwé ní èdè Yorùbá lórí bí a ti ń wa irin tí a sì ń sun ún. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1977. Àwa ìbá fẹ́ kí a máa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Irin nìkan kọ́ ni àwọn baba wa fi iná líle ṣe. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibi kan wà tí à ń pè ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wú ilẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú àwọn ìkòkò amọ̀ kékeré tí gíláàsì dídì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Nígbà tí Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní ọdún 1910, ó rí àwọn ìkòkò wọ̀nyí, ó sì mọ̀ pé a ti yọ́ gíláàsì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé gíláàsì àlòkù tí a rà lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Ó di ìgbà tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola wa ilẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012 kí ọ̀rọ̀ tó yí padà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ilẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, wọ́n yẹ ohun tí ó wà nínú gíláàsì náà wò, wọ́n sì rí i pé kò jọ ti Yúróòpù, kò jọ ti àwọn Lárúbáwá: Ifẹ̀ ni a ti ṣe é láti inú ohun tí ó wà ní àyíká Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500. Ẹ̀yin oníṣòwò yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ń ra gíláàsì wá láti tún un yọ́, alágbàtà ni. Ẹni tí ń fi iyanrìn ilẹ̀ rẹ̀ ṣe é, òun ni ó ni ọjà.

Kí ni ó wá pa iná ìléru? Kò sí òfin kan tí ó pa á. Owó ni ó pa á. Ọ̀pá irin ti ń bá ọkọ̀ òkun wá sí etí òkun wa tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, tí ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907, irin òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín ilẹ̀ ní iye tí awa-irin kò lè bá dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo: alágbẹ̀dẹ tí ó yan irin òyìnbó kò ya ọ̀dàlẹ̀. Ìléru ń jẹ igi púpọ̀. Èédú tí ó ń jẹ wúwo ju irin tí ó ń mú jáde lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ìṣù kan sì ń gba iṣẹ́ odindi agbo ilé. Nígbà tí ó yá, àjákù irin ọkọ̀ àti súpíríǹgì mọ́tò wà nílẹ̀ ní ọ̀fẹ́ tàbí ní owó kékeré, àdá tí a sì fi súpíríǹgì rọ mú gidigidi. Bí àwa náà bá jẹ́ alágbẹ̀dẹ nígbà náà, a ìbá rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn àgbà awa-irin kú, wọ́n mú ìmọ̀ wọn lọ, nítorí kò sí ọmọ tí yóò fi wákàtí 36 ṣọ́ iná tí kò sí ẹni tí yóò ra irin rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni orílẹ̀-èdè wa ti ń wá ìléru mìíràn. Ní ọdún 1979, ìjọba bá àwọn ará Rọ́ṣíà, tí ìjọba wọn ń jẹ́ Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ṣe àdéhùn láti kọ́ ilé iṣẹ́ irin sí Ajaokuta létí odò Ọya. Ìléru ilé iṣẹ́ yìí kì í ṣe òkìtì amọ̀. Ilé gogoro ni, irú èyí tí a ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí nísàlẹ̀ títí irin yóò fi yọ́ pátápátá tí yóò sì ṣàn bí omi. Wọ́n kọ́ ọ, ó dúró. Ní ọdún 1983, ààrẹ ìgbà náà, Alhaji Shehu Shagari, ṣí apá kan nínú ilé iṣẹ́ náà, ibi tí a ti ń tẹ irin di ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ìléru gogoro náà, tí í ṣe ọkàn gbogbo rẹ̀, a kò tí ì tan iná sínú rẹ̀ títí di òní.

Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ olè àti ẹ̀tẹ̀ lórí Ajaokuta, a kò sì sọ pé irọ́ ni; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lóye Ọlá-Ìgbì yóò rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Irú ìléru bẹ́ẹ̀, bí a bá tàn án, a kì í pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tọ̀sán tòru ni ó ń jẹ. Ó ń fẹ́ òkúta irin láti Itakpe, ojú irin tí ó yẹ kí ó so Itakpe pọ̀ mọ́ Ajaokuta àti Warri ni a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò déédéé títí di ọdún 2020. Ó ń fẹ́ èédú líle kan tí a ń pè ní kóòkù, èédú ilẹ̀ tí a ti ń wà ní Enugu láti ọdún 1915 kò sì yẹ fún ṣíṣe kóòkù dáadáa. Ó ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú. Àwọn ará abúlé Ọlá-Ìgbì kò kọ́kọ́ mọ ìléru kí wọ́n tó máa bi ara wọn pé níbo ni èédú yóò ti wá. Inú igbó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ìléru kan ń jó ní ilẹ̀ wa lónìí ṣá. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù yóò rí èéfín wọn ní Ògíjo. Iná mànàmáná ni a fi ń mú púpọ̀ nínú wọn gbóná, oúnjẹ wọn sì ni àjákù irin: ara mọ́tò, páànù, ẹ́ńjìnnì, irin tí àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń fi ọmọlanke kó kiri àdúgbò yín. Púpọ̀ nínú ọ̀pá irin tí ẹ fi ń kọ́ ilé, ibẹ̀ ni ó ti jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ń fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àmì tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ìléru wọ̀nyí ń yọ́ irin, wọn kò yọ irin. Irin tí ẹlòmíràn ti yọ ní ilẹ̀ rẹ̀, tí ó fi ṣe mọ́tò, tí ó lò títí ó fi gbó, tí ó sì tà fún wa, òun ni a tún ń yọ́. Bí mọ́tò àlòkù kò bá wọ ilẹ̀ wa mọ́, wọn yóò wá nǹkan mìíràn jẹ.

Òmíràn sì wà níbẹ̀ tí kì í ṣe irin ni ó ń yọ́, òjé ni, láti inú bátìrì mọ́tò tí ó ti kú. Òjé rọrùn láti yọ́. Ìwọ̀n ooru 327 péré ni ó ń fẹ́. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe é láìbìkítà. Ṣùgbọ́n èéfín àti eruku rẹ̀ ń wọ ara, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ó ń ba kíndìnrín àgbà jẹ́. Ní ọdún 2025, a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògíjo kan wò, a sì bá òjé tí ó kọjá ìwọ̀n nínú ọ̀pọ̀ wọn, àti ọmọdé àti àgbà. Ẹ̀yin tí ń ra bátìrì àlòkù ní ọjà, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀ ní gbangba: ẹ má ṣe fọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má ṣe yọ́ ọ nínú agolo nítòsí ibi tí a ń dáná, ẹ má sì fi aṣọ tí ẹ fi kó o gbé ọmọ. Owó tí ó wà lórí rẹ̀ kò tó owó dókítà.

Lẹ́yìn tí a ti ṣe gbogbo ìwádìí yìí, ìyá arúgbó ará Èjìgbò náà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oko, wọ́n sì fi ẹyọ ìdàrọ́ kan ránṣẹ́ sí wa nínú àpò èlùbọ́. Ó dúdú, ó ń dán ní ibi kan, ó ní àmì bí ẹni pé ó ń ṣàn lọ́wọ́ kí ó tó dì. Ó sì wúwo ju bí ojú ti rò lọ, nítorí ọ̀pọ̀ irin ni ó máa ń kù sínú ìdàrọ́ ìléru àtijọ́. A pe ọmọ náà, a gbé e lé e lọ́wọ́, a sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí obìnrin tí ń fọ òkúta títí dé ìtàkùn tútù. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó fi ìka tọ ibi tí ó ti ṣàn. Ó wá bi wá bóyá Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò rí ihò tí ìdàrọ́ ń gbà jáde nígbà tí wọ́n wà nínú ìléru, àwa kò sì lè dá a lóhùn. Ó bẹ̀ wá kí òun mú òkúta náà lọ. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni ó wà báyìí, ó fi dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má baà tì í.